Irin Ọ̀fẹ́, Iná Olówó

Kí n tó kúrò l'Ékòó, òfin kan ṣoṣo ni mo mọ̀ nípa fọ́tò ilé: má ṣe kọjú kámẹ́rà sí bárékè. Òfin Àṣírí Ìjọba ọdún 1962 ti wà nílẹ̀ fún irú ibẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ò ka òfin, ṣọ́jà ló kà á sí mi létí. Ó ní kí n pa gbogbo fọ́tò inú kámẹ́rà mi rẹ́, títí kan ti ìkómọ tí wọn ò tíì sanwó rẹ̀ tán, ó wá ní kí n fò bí ọ̀pọ̀lọ́ dé ìdí géètì.

Lọ́ńdọ̀nù tù mí lára. Òfin wọn ti ọdún 1988 gbà kéèyàn ya ilé, kó sì ta fọ́tò rẹ̀, láìtọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹni tó ya pílánù ilé náà. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kàlẹ́ńdà, mò ń tà á ní Peckham fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn tó ń wá ẹ̀bùn òde. Orí mi wú. Mo ní ohun tó bá ti dúró síta gbangba, ẹni tó bá ní kámẹ́rà ló ni ín.

Ìgbéraga yìí ni mo gbé wọ Párís. Mo gbé kámẹ́rà mi sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní Trocadéro lálẹ́, mo dojú kọ ilé ìṣọ́ Eiffel. Bí aago bá ti lù, gílóòbù 20,000 á máa ṣẹ́jú lára irin náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn àlejò á sì hó yèè. Àwọn ṣọ́jà tó ń rìn káàkiri pẹ̀lú ìbọn ò tiẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo wà. Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ jù nìyẹn. Mo ya fọ́tò náà, mo fi ṣe ojú ewé oṣù Kejìlá, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo sì di í sí páálí fún oníṣọ́ọ̀bù kan ní Château Rouge. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni mo tó fi ẹyọ kan han Àǹtí mi tó jẹ́ lọ́yà níbẹ̀.

"Ta lo gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, 1923 ni Gustave Eiffel ti kú. Ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà níbí ò ju àádọ́rin ọdún lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Mo ti ṣírò ẹ̀."

"Irin lo ṣírò. Iná ńkọ́?"

"NẸ́PÀ tiyín kọ́ ló ni ín ni?"

Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Pierre Bideau ló da àrà iná aláwọ̀ wúrà tó wà lára ilé ìṣọ́ náà ní 1985, 2021 ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ní 1992, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Faransé ti dá a pé àrà tí wọ́n bá fi iná dá sára ilé ìṣọ́ náà, iṣẹ́ ọnà ni, ó sì ní olówó. Àlejò lè ya tirẹ̀ kó fi han ẹbí. Ẹni tó bá máa fi pawó gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ibẹ̀, kó sì sanwó.

Ó yẹ kí n dákẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo lọ sídìí kọ̀ǹpútà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná náà níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo fi máa ṣe tán, ẹni tó bá wo fọ́tò náà á rò pé NẸ́PÀ ti gba Párís.

Mo bá fi Louvre rọ́pò rẹ̀. Ààfin àtijọ́ ni, àwọn tó kọ́ ọ ti kú tipẹ́. Àǹtí kàn fìka tọ́ka sí pírámíìdì onígíláàsì tó wà láàárín. I. M. Pei tó ya pílánù rẹ̀ kú ní 2019, nítorí náà ó di ìparí ọdún 2089 kí ẹ̀tọ́ rẹ̀ tó tán. Wọ́n ní ká ní ó kàn yọjú díẹ̀ nínú àwòrán gbàgede ni, ì bá sàn, torí ní 2005 ilé ẹjọ́ yẹn kan náà dá àwọn tó ta káàdì gbàgede Terreaux ní Lyon láre lórí irú ẹ̀. Pírámíìdì tèmi gba fọ́tò náà tán pátá. Mo rántí pé Faransé ti ṣe òfin tuntun lórí fọ́tò ilé ní 2016, mo sáré mẹ́nu bà á. Àǹtí ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wà fún ẹni tí kò tajà.

Mi ò bá Bideau jà. Èmi náà á pariwo bí ẹlòmíì bá fi fọ́tò mi ṣe kàlẹ́ńdà. Ohun tí mi ò tíì gbà ni pé bí wọ́n bá da àrà iná mìíràn sí i lọ́la, àá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún látìbẹ̀rẹ̀, irin tó ti wà níbẹ̀ láti 1889 ò sì ní bọ́ lóko ẹrú láéláé tílẹ̀ bá ti ṣú.

Àwọn páálí náà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gbé kámẹ́rà lọ Párís, ọ̀sán ni kí ẹ ya Eiffel tí ẹ máa tà. Tòru, ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyá yín.