Adóbò Dé Agbonou, Ẹ Gbé Ẹmu Yín Pamọ́

Ẹ̀yin ará Agbonou ní Atakpamé níbí, ẹ má fajú ro sí mi lónìí o. Ọ̀rọ̀ àǹtí wa tó ti Kùwéètì dé ló wà lẹ́nu mi. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ lọ, wúrà ni wọ́n so mọ́rùn bọ̀ wálé. Tiwa kó ọbẹ̀ bọ̀. Nínú ilé tó ti ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, obìnrin ará Filipínì kan ni agbọ́únjẹ, àwọn méjèèjì a sì jọ máa jẹun ní kíṣìnì lẹ́yìn tí àwọn ọ̀gá bá ti sùn. Ibẹ̀ ni òórùn fíníkà tó gba àdúgbò wa kan ti ṣẹ̀.

Adóbò ló kọ́kọ́ sè: adìẹ, fíníkà, omi sóyà dúdú, ewé lọ́ríè, ata dúdú oníkóró, àti aáyù tó pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ lé àjẹ́. Kò sí tòmátì. Kò sí epo. Ìyá ọkọ rẹ̀ yọjú sínú ìkòkò, ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé o ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?" Ìyá kejì tó bá a wá mọ fíníkà sí ohun tí wọ́n fi ń fọ sàláàdì, òun wá bèèrè irú àìsàn tó ń ṣe adìẹ.

Àǹtí ṣàlàyé títí. Ó ní ooru ilẹ̀ Filipínì kò yàtọ̀ sí tiwa, pé kí fíríìjì tó dé ayé, fíníkà ni kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́. Ó ní wọ́n ti ń sè é kí àwọn Sípéènì tó wá fìdí kalẹ̀ sọ́dọ̀ wọn ní 1565, pé orúkọ nìkan ni Sípéènì fi lé e lórí. Ìyá ọkọ ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n epo ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ burú nígbà tí àǹtí ní fíníkà inú ìgò kò dára tó. Fíníkà àwọn ará Filipínì gan-an, ẹmu ni: wọ́n á dá a lórí igi àgbọn tàbí ọ̀pẹ, wọ́n á fi í sílẹ̀ títí yóò fi kan. Àǹtí ra kẹ́ẹ̀gì ẹmu kan, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹni tó dàgbà ní Atakpamé ló ń ṣe irú èyí? Kí ẹmu tó kan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ọjọ́ kejì, èmi ò sì mọ ẹmu tó rí ọjọ́ kejì rí ní Agbonou. Nígbà tó máa di alẹ́, kẹ́ẹ̀gì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ kàn án, ó ń dún bíi gbẹ̀du. Ọkọ rẹ̀ ní ooru ló fà á gbẹ. Ooru náà ti jẹ́ kí ojú tirẹ̀ pọ́n, ó sì ń kọrin.

Ti omi sóyà tún wà ńbẹ̀. Tógò ń gbin sóyà, ó ń kó o lọ sí Yúróòpù, àwọn ìyá wa sì ń fi ṣe wàràkàṣì, síbẹ̀ ìgò omi dúdú kékeré yẹn, Lọ́mẹ́ lèèyàn á ti máa bẹ awakọ̀ kó bá òun gbé e bọ̀.

Ọjọ́ tí àǹtí se kare-kare ni àwọn abẹnugan gbé ẹnu mì. Ìrù màlúù ni wọ́n fi ń sè é, pẹ̀lú ẹ̀pà lílọ̀. Gbogbo àgbàlá pariwo: "Ọbẹ̀ ẹ̀pà!" Olùkọ́ àgbà wa tó ti fẹ̀yìn tì ní, ọ̀dọ̀ àwa ẹ̀yà Ànà ni àwọn ará Filipínì ti kọ́ ọ. Mo ní Bàbá, Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀pà ti wá, àwọn Potogí ló gbé e kan tiwa, ọkọ̀ Sípéènì tó ń ti Acapulco lọ sí Manila láti 1565 títí di 1815 sì ni ọ̀nà tó gbà dé tiwọn. Bàbá ò dá mi lóhùn, òkèlè wà lẹ́nu wọn. Òkèlè o! Ìrẹsì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ní Filipínì, ìrẹsì náà ni àǹtí gbé wá. Wọ́n dá abọ́ ìrẹsì padà, wọ́n ní kí ọmọ gbé odó jáde.

Ní 1914, àwọn Jámánì ní ilé-iṣẹ́ wáyà aláìlókùn kan ní Kamina, lẹ́bàá wa níbí, tó ń bá Nauen nílẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ ara wọn bà á jẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Kò dá mi lójú pé ẹ̀rọ yẹn gbé ìròyìn kankan tó wúwo tó èyí tí àǹtí fi fóònù ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Filipínì yẹn: "Iyán ni wọ́n fi jẹ ẹ́." Àwòrán ojú tó ń da omi ni ọ̀rẹ́ fi dá a lóhùn. Ẹkún ni o, ẹ̀rín ni o, a ò tíì mọ̀.

Ní báyìí, àǹtí ti ń bèèrè ẹni tó ní pẹ́pẹ́yẹ tó ń sàba. Balut ló kù: ẹyin pẹ́pẹ́yẹ tí ọmọ ti ń dá ara nínú rẹ̀. Wọ́n á sè é, wọ́n á lu ú níhò, wọ́n á fa omi rẹ̀ mu, kí wọ́n tó bu iyọ̀ sí ìyókù. Ọkọ rẹ̀ ti rántí lójijì pé òun ní àna ní Anié. Èmi ò lọ síbi kankan ní tèmi. Olùkọ́ àgbà ni mo ń dúró dè, kí wọ́n wá sọ fún wa pé ọ̀dọ̀ àwa Ànà náà ni wọ́n ti kọ́ ti ẹyin.