Ẹ Má Pa Ìṣẹ́, Kí Iṣẹ́ Má Bàa Bọ́ Lọ́wọ́ Ọ̀gá

Mo fẹ́ bá ìṣẹ́ rojọ́ lónìí, nítorí kò lágbẹjọ́rò. Nínú gbogbo ẹni tó ń gba ènìyàn síṣẹ́ ní Nàìjíríà, mi ò tíì rí alágbára bíi tirẹ̀. Ẹ wo ọ́fíìsì tí wọ́n kọ́ nítorí rẹ̀, ẹ wo jíìpù, ẹ wo ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń wádìí ibi tó sùn mọ́jú. Bí ìṣẹ́ bá kú pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́mọ.

Ìdí nìyẹn tí ìjọba tó bá ti dé fi ń sọ ọ́ lórúkọ dípò kó pa á. Ní 1986, DFRRI, fún oúnjẹ àti ọ̀nà ìgbèríko. Ní 1989, Báǹkì Aráàlú, tí wọ́n fi Tai Solarin ṣe alága (ṣòkòtò péńpé tí baba yẹn máa ń wọ̀, ó kéré tán, ó jọ ti ẹni tó mọ ìṣẹ́ lójú). Ní 1997, FEAP, fún ọrọ̀-ajé ìdílé. Ní 2001, NAPEP kó kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dé. Ètò náà ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì ń kó èrò ní oríta. Nígbà tó di 2018, TraderMoni gbé ẹ̀yáwó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá-mẹ́wàá náírà wọ ọjà. Ní 2022, àjọ tó ń ṣe ìṣirò nílẹ̀ yìí ka àwọn tálákà, wọ́n jẹ́ mílíọ̀nù 133, ìyẹn 63 nínú ọgọ́rùn-ún wa. Ìkómọ pọ̀, ọmọ náà sì yè.

Olùdókòòwò ni ìjọba ń wá kiri báyìí. Mo bá wọn débi ìfilọ́lẹ̀ kan. Wọ́n ta kánópì, onílù dé, ọ̀gá fi ṣọ́bìrì tí wọ́n so ríbọ́ọ̀nù mọ́ bu yẹ̀pẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn: ilé-iṣẹ́ gàárì ìgbàlódé ń bọ̀. Ọdún mẹ́rin rèé. Òkúta ìpìlẹ̀ ọ̀hún wúlò gan-an ni o. Ó tẹ́jú, oòrùn ń pa á dáadáa, orí rẹ̀ ni àwọn obìnrin abúlé ń sá láfún sí.

Lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀ náà, ìyá kan ń yan gàárì lẹ́yìn kánópì. Èéfín rẹ̀ ń fẹ́ sí ojú àwọn àlejò. Wọ́n rán ọmọkùnrin kan sí i pé kó jọ̀ọ́ kó paná, olùdókòòwò gàárì ń bọ̀.

Owó àjọ ni ìyá yìí fi ra ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́. Obìnrin mẹ́fà ló ń bá a bẹ ẹ̀gẹ́, ó sì ń sanwó fún wọn kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wú kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kí inú rẹ̀ tó dúdú. Bí òjò bá ti ba ọ̀nà jẹ́ tí ọkọ̀ kò lè wọlé, ó di ti ewúrẹ́. Iná ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, epo bẹntiróòlù ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń mu. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan fò láti nǹkan bí 190 náírà kọjá 500. Ẹ má gbàgbé pé orílẹ̀-èdè tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù lágbàáyé là ń sọ.

Òfin 1971 tó wà nílẹ̀ nígbà ìfilọ́lẹ̀ náà ní kí ilé-iṣẹ́ tó bá jẹ́ aṣáájú má san owó-orí lórí èrè fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì lè fi méjì kún un. Mo bi akọ̀wé kan léèrè pé ta ni aṣáájú ní abúlé yìí. Ó wo òkúta ìpìlẹ̀. Ìyá tó ti ń yan gàárì kí wọ́n tó bí akọ̀wé ọ̀hún, tíkẹ́ẹ̀tì káńsù ni wọ́n ń já fún un ní gbogbo ọjọ́ ọjà, àti òmíràn ní oríta fún ọkọ̀ tó gbé ẹrù rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń lọ lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀ yẹn, ọ̀gá ní kí ọkọ̀ dúró. Gàárì ìyá náà wọ̀ ọ́ lójú. Ó ná an, ó ná an, títí ìyá fi gbà. Ó wá na àpò náírọ́ọ̀nù rẹ̀ sí i: “Màmá, èènì ńkọ́?”

Ìyá bu ìkúnwọ́ méjì sí i.